Èéfín Ẹnu Dàmọ́lá

Ilé Télọ̀,
Ìgàndó,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́rú, nígbà ọyẹ́.

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Jókòó kí o tó ka ìwé yìí, torí ó gùn. Ìyá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́ búrẹ́dì rẹ̀ ní Dopemu, ó bá mi níbi tí mo ti ń wá bírò, ó ní kí n ṣáà má fi ọ̀rọ̀ dá ọ dúró lẹ́nu iṣẹ́ ilé. Mo ti gbọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò kọ irú ìwé báyìí sí ọ rí, mi ò sì mọ̀ bóyá ojú mi yóò tún jẹ́ kí n kọ òmíràn, nítorí kí òwú tó wọ ihò abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi báyìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun tí à ń fi ẹ̀bẹ̀ ṣe. A wà ní àlàáfíà. Ọyẹ́ ti mú gan-an, ètè gbogbo wa ti ń là, àwọn adìyẹ ìyá rẹ sì ti sọ abẹ́ máṣíìnì mi di ilé. Mo kí ọkọ rẹ, mo kí Dàmọ́lá, mo kí Ìrètí kékeré.

Lẹ́tà tí o kọ láti Jọ́ọ̀sì tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. O ní láti ìgbà tí iṣẹ́ ọkọ rẹ ti gbé yín lọ síbẹ̀, ilé ìwé tó sún mọ́ yín jù náà jìnnà gan-an, àyà Dàmọ́lá sì ń hàn án léèmọ̀ bí tìẹ ṣe hàn ọ́ léèmọ̀, ìdí nìyẹn tí o fi ń kọ́ òun àti àbúrò rẹ̀ nílé. O ní ìwé kíkà ń lọ dáadáa, ìṣirò ń lọ, àmọ́ sáyẹ́ǹsì ti borí rẹ. O ní tí táàmù yìí bá parí, ẹ máa rán Dàmọ́lá wá sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ ní Dopemu kó lè wọ ilé ìwé tó ní tíṣà sáyẹ́ǹsì. O wá ní kí n súre fún ìrìn àjò náà.

Kí n má parọ́ fún ọ, inú mi kọ́kọ́ dùn. Ibo ni Dopemu wà sí Ìgàndó níbí? Ìyá rẹ lè mú un dání láti ibi iṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, kó wá lo òpin ọ̀sẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tí mi ò tíì rí ju ìgbà díẹ̀ lọ láyé rẹ̀! Mo ti ń wo igun yàrá tí a máa tẹ́ ẹní rẹ̀ sí. Ìgbà tí mo wá ka ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà, níbi tí o ti fún ọ̀rọ̀ mọ́ra torí ìwé ti fẹ́ẹ́ tán, ni ayọ̀ náà dín kù.

O ní ó bi ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan pé kí ló dé tí èéfín ń jáde lẹ́nu òun nígbà tí kò sí iná nínú òun. O ń da ẹ̀kọ lọ́wọ́, o ní òtútù ni, kó padà sídìí ìwé rẹ̀. Ó tún bi ọ́ pé ṣé òtútù náà máa ń rú èéfín ni. O jágbe mọ́ ọn. Láti ọjọ́ náà kò béèrè nǹkan kan mọ́. Ó ń da ohun tí o bá kọ sójú pátákó kọ, ó ń pa ìwé dé, ó ń wo ojú fèrèsé. O wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé, “Bàbá mi, ó ti dákẹ́, mo sì mọ̀ pé èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́.” Gbólóhùn yẹn ni mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn. Mo ti ṣe ọrùn sùtánà kan ní òdì nítorí rẹ̀, mo sì tú u tún rán.

Nítorí náà, mi ò tíì súre fún ìrìn àjò kankan. Mo fẹ́ kí o gbọ́ mi ná. Dopemu lè fún un ní tíṣà, ṣùgbọ́n ọmọ tó ti dákẹ́ ní Jọ́ọ̀sì yóò gbé ẹnu dídákẹ́ náà wọ ọkọ̀ wá ni. Ìwọ tó pa á lẹ́nu mọ́ ni o lè là á. Mo sì mọ̀ pé o lè ṣe é, torí pé lọ́wọ́ rẹ ni èmi gan-an ti kọ́ ọ.

Ṣé o rántí bí a ṣe bẹ̀rẹ̀? Eruku pupa ọ̀nà ilé ìwé nígbà yẹn pẹ̀lú ẹfun pátákó, àwọn méjèèjì jọ dìtẹ̀ mọ́ ọ. Lọ́jọ́ tí tíṣà rẹ pọ̀n ọ́ wálé, tí àyà rẹ ń dún bí fèrè, dókítà ní kí a dá ọ dúró sílé títí o fi máa tójú bọ́. Ìyá rẹ ń jáde lọ síbi búrẹ́dì kílẹ̀ tó mọ́. Èmi ni mò ń jókòó sílé pẹ̀lú máṣíìnì, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tíṣà ṣe já lé èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà lórí. Ìṣirò kò dẹ́rù bà mí, ẹni tó ń fi téèpù wọn èèyàn kò lè má mọ ìṣirò. Bíbélì wà fún ìwé kíkà. Sáyẹ́ǹsì ló kù, mi ò sì tíì fojú kàn án rí.

Mo lọ ra ìwé kan lórí ilẹ̀ ní Ìkòtún, tí ewé iwájú rẹ̀ ti ya dànù. Ojú ewé tó kù tí a kọ́kọ́ bá pàdé, ọ̀pọ̀lọ́ ló wà níbẹ̀. Mo kà á, o kà á tẹ̀lé mi. Ọ̀pọ̀lọ́ ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, ọ̀pọ̀lọ́ ń gbé inú omi, ọ̀pọ̀lọ́ ń gbé orí ilẹ̀. A wà lórí ọ̀pọ̀lọ́ yẹn fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, mo sì ti ń rò pé mò ń ṣe gudugudu, kó tó di pé o wò mí lójú, o ní, “Bàbá, wọ́n mà pọ̀ lẹ́yìn balùwẹ̀ wa, kí la wá ń wò ó nínú ìwé fún?” A dìde, a lọ sẹ́yìn balùwẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ nìyẹn, kó o kọ ọ́ sí ọkàn rẹ: má jẹ́ kí ìwé ṣáájú ohun tí ojú lè rí. Jẹ́ kí ó rí nǹkan náà, kó fọwọ́ kàn án, kó gbóòórùn rẹ̀ bí kò bá ní í pa á lára, kí ẹ tó wá ṣí ìwé láti wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn rí. O ní o kò ní irinṣẹ́. Irinṣẹ́ wo ni mo ní? Mo ní máṣíìnì tí táyà rẹ̀ ńlá ń yí lẹ́ẹ̀kan kí kékeré tó wà lókè tó yí lọ́pọ̀ ìgbà. O fi ṣọ́ọ̀kì fàmì sára àwọn méjèèjì, o sì kà á títí o fi mọ ìdí rẹ̀. Mo ní sísọ́ọ̀sì, o sì rí i fúnra rẹ pé aṣọ tó ki le fún ọ láti gé ní ẹnu rẹ̀, àmọ́ ó rọrùn nídìí, níbi tí irin méjèèjì ti pàdé. A mú èérún aṣọ dúdú àti funfun, a fi bọ́tà díẹ̀ sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, a tẹ́ wọn sórí páànù nínú oòrùn, a ń wo èyí tí bọ́tà rẹ̀ máa kọ́kọ́ yọ́. Ìyá rẹ bínú nítorí bọ́tà náà, o rántí. Nígbà tí àyà rẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí dún, mo ki rọ́bà bọ ìdí àrọ tí a fi ń rọ kẹrosíìnì, mo fọ̀ ọ́ dáadáa, mo sì jẹ́ kí o fi gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i pé o kò bẹ̀rù àìsàn náà mọ́ nìyẹn, torí pé o ti di ẹni tó ń wò ó. Ṣe é fún Dàmọ́lá. Àyà tirẹ̀ náà ní ohùn.

Ìkejì rèé, òun sì ni mo tìtorí rẹ̀ mú bírò. Ìwọ mọ ìtàn yìí láti ẹ̀gbẹ́ tìrẹ, ṣùgbọ́n o kò mọ bó ṣe rí lójú mi.

Ọyẹ́ ni nígbà náà, bíi ti ìsinsìnyí. O mọ̀ pé tí mo bá rán sùtánà tán, mo máa ń fọ̀ ọ́ kí àmì ṣọ́ọ̀kì lè kúrò, màá fi sítáàṣì sí i, màá sì sá a. O jókòó sábẹ́ okùn, o bi mí pé níbo ni omi ara aṣọ ń lọ. Mo ní oòrùn ló ń mu ún. Ohun tí bàbá mi sọ fún mi nìyẹn, mo sì ti gbà á gbọ́ títí mo fi hu irùngbọ̀n. O kò jiyàn. Lọ́jọ́ kejì, o ní èyí tí mo sá sí yàrá ẹ̀yìn, níbi tí oòrùn kì í wọ̀, òun náà ti gbẹ. Ta ló mu tiẹ̀? Mo ní afẹ́fẹ́ ni. O ní ṣé oòrùn àti afẹ́fẹ́ jọ ń mu omi náà ni. Mo ní kí o lọ jẹun.

O lọ jẹun, o kò sì béèrè mọ́, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Wò ó dáadáa, Àjọkẹ́. Tí ọmọ bá ṣíwọ́ ìbéèrè, ọ̀kan nínú méjì ló ṣẹlẹ̀: yálà kò retí ohunkóhun lọ́dọ̀ rẹ mọ́, tàbí ó ti lọ ń wá a fúnra rẹ̀ níbi tí o kò ti lè rí i. Tìrẹ jẹ́ ìkejì. Ẹ̀rù ń bà mí pé ti Dàmọ́lá jẹ́ àkọ́kọ́, bó bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí a fi falẹ̀.

Mo rìnrìn àjò lọ sí Abẹ́òkúta fún òkú ẹ̀gbọ́n mi, mo sì fi sùtánà tútù kan sílẹ̀ lórí okùn. Ti Màmá Àdúrà ni, ìyá aláṣọ funfun tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa, èyí tó fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi tí ìjọ wọn máa ta òróró sí i lórí fún ipò tuntun. Ìyá rẹ kò rí i lórí okùn mọ́, ó rò pé mo ti ká a pamọ́ kí n tó lọ. Ìwọ lo ti ká a. O tì í bọ inú láílọ́ọ̀nù ńlá tí wọ́n fi di aṣọ wá láti ọjà, o fi òwú mi so ẹnu rẹ̀ pinpin, o gbé e sórí páànù ilé adìyẹ nínú oòrùn, o sì ń gun odó lójoojúmọ́ láti lọ wò ó.

Ọjọ́ Ẹtì ni mo dé. Mo wá sùtánà títí, mi ò rí i. Ìwọ lo nawọ́ sí ilé adìyẹ. Nígbà tí mo tú láílọ́ọ̀nù, òórùn rẹ̀ lé mi sẹ́yìn. Aṣọ náà ti bu láti ọrùn títí dé ìṣẹ́tí, àmì dúdú tòtòtò bí ẹni fi èédú wọ́n ọn. Mo fa igi tí mo fi ń wọn aṣọ yọ. Ìwọ ń húkọ́, o ń gbìyànjú láti sọ̀rọ̀, èmi kò sì fẹ́ gbọ́ ohunkóhun. Bí mo ṣe gbé igi sókè ni Màmá Àdúrà wọlé lẹ́sẹ̀ lásán, nínú aṣọ funfun rẹ̀ àtijọ́, ó ní òun wá wọ tuntun wò bóyá ó bá òun mu.

Ó rí aṣọ náà nílẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú igi lọ́wọ́, mo ní ọmọ yìí ti pa mí. Ìwọ ló yíjú sí, ó bi ọ́ pé kí lo ń ṣe.

O ní, “Mo fẹ́ rí ẹni tó ń mu omi ara aṣọ ni, mà.”

“Ṣé o wá rí i?”

“Kò sẹ́ni tó ń mu ún, mà. Ṣe ló ń jáde fúnra rẹ̀. Ẹ wo inú láílọ́ọ̀nù yìí, òun rèé. Kò rí ibi gbà lọ ni.”

Màmá Àdúrà mú láílọ́ọ̀nù náà, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀kán omi wà nínú rẹ̀ káàkiri. Ó fi ìka fa ọ̀nà kan láàárín wọn, wọ́n sì ṣàn pọ̀ lọ sísàlẹ̀. Ó wò ó pẹ́ débi pé èmi tí mo wà nílẹ̀, ọrùn ti ń dùn mí. Ó wá yíjú sí mi, kò pariwo, ó ní, “Bàbá Àjọkẹ́, ẹ gbé igi yẹn sílẹ̀ jàre. Tẹ́ ẹ bá nà án, ohun tó máa kọ́ lónìí ni pé kéèyàn má wádìí nǹkan. Aṣọ mi ti bàjẹ́ ná. Ẹ má jẹ́ kó bàjẹ́ lásán.”

Ó wá bá ìwọ náà wí, ó ní tí o bá tún fẹ́ fi nǹkan wádìí, kí o kọ́kọ́ bi ẹni tó ni ín. Mo rán òmíràn fún un láàárín ọjọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta, mi ò fọ̀ ọ́, àmì ṣọ́ọ̀kì sì wà ní ìgbátí rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ta òróró sí i lórí. Láti ìgbà náà, tó bá ń kọjá níwájú ilé wa, kì í kọ́kọ́ kí èmi mọ́. Ìwọ ló máa ń pè, á ní, “Kí lo tún rí?” Ìwọ á sì sáré jáde lọ sọ fún un.

Àjọkẹ́, mo ti rán aṣọ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, mo sì ti gba ìyìn lọ́wọ́ wọn. Kò sí èyí tó ṣe mí láǹfààní tó ọ̀rọ̀ tí ìyá yẹn sọ lórí aṣọ tó bàjẹ́. Òun ló kọ́ mi pé ìbéèrè yẹn, “Kí lo tún rí?”, ni gbogbo iṣẹ́ tíṣà sáyẹ́ǹsì. Ẹni tó bá lè bi ọmọ bẹ́ẹ̀, tó sì dúró gbọ́ èsì, ó ti ṣe ìdajì.

Ìdajì tó kù ni mo fẹ́ kà fún ọ, mi ò sì ní tò ó dáadáa.

Máa sọ pé o kò mọ̀. Má fi orúkọ nǹkan bo àìmọ̀ mọ́lẹ̀. “Òtútù ni” tí o sọ yẹn, àbúrò “oòrùn ló ń mu ún” tèmi ni. Ọ̀rọ̀ tó ń ti ilẹ̀kùn ni àwọn méjèèjì. Sọ fún un pé, “Èmi náà ò mọ̀, báwo la ṣe lè mọ̀?” Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ, ojú tì mí gan-an, mo rò pé o máa fojú tín-ín-rín mi. O fa àpótí sún mọ́ mi ni.

Kí kálukú sọ ohun tó rò kí ẹ tó wò ó. Ìwọ sọ tìrẹ, kó sọ tirẹ̀, kí Ìrètí náà sọ bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ọmọdé ló máa sọ. Ọmọ tó bá ti sọ tirẹ̀ kò ní lè sùn lórí ọ̀rọ̀ náà, yóò fẹ́ mọ̀ bóyá òun jáwé olúborí. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìwọ lo ṣìnà, jẹ́ kó yọ̀ ọ́.

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ìdí máṣíìnì ni mo ti kọ́ èyí. Tí máṣíìnì bá ń já òwú, mi ò kì í pààrọ̀ abẹ́rẹ́ àti òwú pọ̀, torí bó bá ṣíwọ́, n kò ní mọ èyí tó ń dá mi láàmú. Ìgbà kan tí a fẹ́ mọ ibi tí aṣọ ti ń yára gbẹ, a sá èyí tó ki síta, a sá èyí tó fẹ́lẹ́ sínú ilé, a sì fi ìrọ̀lẹ́ kan jà lórí ohun tí a rí. Kò sẹ́ni tó jàre nínú wa.

Má jẹ́ kí wọ́n fi iná, kẹrosíìnì tàbí oògùn wádìí nǹkan láìsí ìwọ níbẹ̀. Lórí èyí, kò sí ẹ̀rín lẹ́nu mi.

Èwo ló tún kù? Ẹ̀sìn. O ní ìyá ọkọ rẹ ń sọ pé àwọn ọmọ tó bá ń wádìí ohun gbogbo báyìí kì í pẹ́ gbàgbé Ọlọ́run. Bọ̀wọ̀ fún màmá náà, má bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n rántí ẹni tó ní kí n gbé igi sílẹ̀. Ó gbàdúrà fún ọ lọ́jọ́ náà kó tó lọ, ó sì mú láílọ́ọ̀nù náà dání lọ ilé, ó ní òun fẹ́ so aṣọ ìnura òun sínú rẹ̀ wò.

Bẹ́ẹ̀ ni, n kò fẹ́ kí o rò pé ohun gbogbo tí mo ṣe ló dára. Nígbà tí àyà rẹ dẹ̀, tí o wọ ilé ìwé girama, o mọ bí omi ṣe ń kúrò lára aṣọ ju gbogbo kíláàsì lọ, àmọ́ o kò mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é nínú ìwé, wọ́n sì fi ọ́ rẹ́rìn-ín. O sunkún dé ilé. Èmi ni mo jẹ̀bi yẹn. Nítorí náà, ní kí ọkọ rẹ wá ìwé tí àwọn ọmọ ilé ìwé ẹgbẹ́ Dàmọ́lá ń lò, kí ó ní ewé iwájú o, kí ẹ sì máa fi orúkọ tó wà níbẹ̀ pe ohun tí ẹ bá ti fojú rí. Kó tún máa bá àwọn ọmọ àdúgbò ṣeré. Ọmọ tó ń wádìí nǹkan nílò ẹni tó máa sọ fún un pé irọ́ ni.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká padà sórí èéfín.

Ó yà mí lẹ́nu pé ìwọ, Àjọkẹ́, ìwọ tó so omi mọ́ inú láílọ́ọ̀nù, lo kò mọ ohun tó ń jáde lẹ́nu ọmọ rẹ. Àgbà ti dé, àbí ẹ̀kọ tí ò ń dà ló gba ọkàn rẹ? Èémí wa ní omi nínú. Nínú aṣọ tútù tìrẹ, kò sẹ́ni tó ń rí omi náà bó ṣe ń jáde, àfìgbà tó bá láílọ́ọ̀nù pàdé. Lẹ́nu Dàmọ́lá, òtútù Jọ́ọ̀sì ni láílọ́ọ̀nù náà. Ṣùgbọ́n má sọ èyí fún un. Mo bẹ̀ ọ́, di ẹnu rẹ mú. Ṣe ni kí o pè é láàárọ̀ ọ̀la, kí o kúrò nídìí iná, kí o jókòó síbi tí ojú rẹ ti bá tirẹ̀ dọ́gba. Sọ fún un pé o ṣàṣìṣe lọ́jọ́sí, pé ìbéèrè rẹ̀ dára, o fẹ́ kó tún un bi ọ́. Bó bá kọ̀, má fipá mú un. Fún un ní dígí kékeré, kó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu rẹ̀ sí i, kó fi ìka nù ún, kó wo ohun tó wà ní ìka. Kó fẹ́ ẹ láàárọ̀, kó tún fẹ́ ẹ lọ́sàn-án. Lẹ́yìn náà, bi í léèrè ohun tí Màmá Àdúrà máa ń bi ọ́ níwájú ilé wa, kí o sì dákẹ́ títí yóò fi dáhùn.

Bí táàmù bá parí, tí o sì rí i pé o ti ṣe gbogbo èyí, tí ọmọ náà kò sì tíì la ẹnu, máa gbé e bọ̀ ní Dopemu. Èmi fúnra mi ni n óò lọ pàdé rẹ̀ ní ibùdókọ̀, n kò sì ní sọ nǹkan kan sí ọ. Ìyá rẹ ti tẹ́ ẹní rẹ̀ sí igun yàrá náà, kò sì tíì ká a.

Àmọ́ ohun kan wà tí mo nílò kó wà ní Jọ́ọ̀sì fún. Láàárọ̀ yìí, mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé nínú ọyẹ́, mo ya ẹnu, mo fẹ́ atẹ́gùn jáde bí mo ṣe lè ṣe é tó. Kò sí èéfín. Mo tún un ṣe. Ìyá rẹ bi mí láti ojú fèrèsé pé ṣé orí mi pé, mo ní iṣẹ́ àṣetiléwá ni mò ń ṣe. Mo wọlé, mo fẹ́ ẹ sára dígí tí àwọn oníbàárà fi ń wo ara wọn, dígí náà ṣú. Omi wà lẹ́nu mi, nígbà náà. Kí wá ló dé tí ẹnu Bàbá Ìgàndó kò rú èéfín bíi ti Dàmọ́lá, nígbà tí òtútù ọyẹ́ ń mú àwa méjèèjì? Mo ní èrò tèmi, mi ò sì ní sọ ọ́. Ka ibi yìí sí i létí gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́. Bó bá wá sí Dopemu, yóò la ẹnu rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò ní rí nǹkan kan, kò sì ní sí ẹni tó máa ṣọ́ èéfín Jọ́ọ̀sì yẹn fún wa.

Kó wádìí rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ, lórí tábìlì rẹ, kó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ èsì sí mi. N kò fẹ́ èyí tí ìwọ bá bá a kọ. Mo ti fi èérún aṣọ dúdú kan àti funfun kan sínú àpò ìwé yìí fún un, bọ́tà ń bẹ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Kí Ọlọ́run fún àyà yín ní ìsinmi. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní ìwé yìí ti gùn jù bí òun ṣe sọ.

Èmi ni bàbá rẹ, tó ń retí ìwé láti ọwọ́ Dàmọ́lá,
Télọ̀ Ìgàndó.

Dàmọ́lá, ọmọ mi, ìwọ ni mo kọ ìlà yìí sí: kí lo tún rí?